Gíléèsì oní-kírísítà: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà

Ọmọ_Ìmùṣin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, iṣẹ́ amọ̀ ni mo kọ́ ní poli, kọ́ọ̀pù àti ìkòkò òdòdó ni mo ń ṣe tà báyìí, gíléèsì (ohun dídán tí a ń kùn sára ìkòkò kí iná yọ́ ọ) funfun àti búráùn lásán. Láti ìgbà tí mo ti rí fáàsì oní-kírísítà kan lójúkojú níbi àfihàn kan ní Èkó ni ọkàn mi ò tíì kúrò lára ẹ̀. Òdòdó ńláńlá ló tẹ́ sínú dídán ẹ̀, òmíràn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi búrọ́ọ̀ṣì yà á, inú iná ló ti hù. Òun ni mo fẹ́ máa ṣe. Mo ní kíìnì (ààrò tí a fi ń sun ìkòkò) oníná kékeré kan, kílówáátì 3, ó ní kóntírólà tó ń darí iná ẹ̀, wọ́n ní ó lè dé 1300 dígírì Celsius. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ láti fi ra kẹ́míkà. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ni mo ṣe máa rìn ín tówó mi ò ní jóná, nítorí iná ìlú wa náà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́_Àgọ́Ìwòyè
O káre, ọmọ mi. Má tíì ra kẹ́míkà kankan o, dá owó yẹn dúró ná. Gíléèsì tí o ti ń lò, tó bá ti yọ́ tán iṣẹ́ ti parí nìyẹn, o pa iná, o lọ sùn. Eléyìí, ìgbà tó bá ń tutù niṣẹ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Síǹkì tó pọ̀ nínú ẹ̀ á wá sílíkà (èròjà inú iyanrìn funfun) rí nínú gíléèsì tó yọ́, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á di ohun tí wọ́n ń pè ní willemite, òun náà ni kírísítà, òdòdó tí o rí yẹn. Ṣé o ti wo epo pupa nígbà ọyẹ́ rí? Èyí tó bá tutù wàrà á kàn dì gbagidi, èyí tó bá rọra tutù ni horo inú ẹ̀ máa ń tóbi tí wàá fi lè fojú rí i. Torí náà bí wàá ṣe ṣàkóso ìtutù kíìnì rẹ ni kí o kọ́kọ́ kọ́, kẹ́míkà ò ní sá lọ.

Bó ṣe ń lọ nìyí: wàá gbé iná dé nǹkan bíi 1285 sí 1300 kí gbogbo ẹ̀ yọ́ pátápátá, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù níbẹ̀, wàá jẹ́ kó já wálẹ̀ kíákíá sí nǹkan bíi 1100, lẹ́yìn náà wàá dá a dúró fún wákàtí 3 tàbí 4, nígbà míì 5, láàárín 1020 sí 1120. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hù. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 1000 gíléèsì ti le jù, wọn ò lè dàgbà mọ́.

Ohun kejì ni alumina. Òun ló ń jẹ́ kí gíléèsì le díẹ̀ kó sì dúró lára ìkòkò, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ kírísítà ò ní ríbi rìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní rí kaolin (amọ̀ funfun tí alumina pọ̀ nínú ẹ̀) púpọ̀ nínú àpòpọ̀ wọn, ìdí náà nìyẹn tí gíléèsì yìí fi máa ń ṣàn kúrò lára ìkòkò lọ sílẹ̀ pátá. Ìyà méjèèjì, ìwọ̀n iná àti ìṣàn, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un.

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Àwọn ilé-iṣẹ́ pọ́sílénì Sèvres ní Faransé àti Royal Copenhagen ní Denmark ti ń ṣe é ní ìparí àwọn ọdún 1800, wọ́n pàtẹ ẹ̀ níbi àfihàn ńlá Paris lọ́dún 1900, Adelaide Robineau, amọ̀kòkò, náà wá ń ṣe é ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí kóntírólà kankan nígbà yẹn, kóònù (amọ̀ ṣóńṣó kékeré tó ń tẹ̀ tí iná bá tó ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún) àti ojú ni. Àwa náà kì í sì ṣe àjèjì sí iná gíga, ibi ìkọ́ṣẹ́ tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja lọ́dún 1951, ìlú tí a ń pè ní Suleja báyìí, igi ni wọ́n fi ń sun ìkòkò wọn, Ládi Kwali tó wà lẹ́yìn ogún náírà wọ ibẹ̀ lọ́dún 1954. Kí iná gòkè, a ti mọ ìyẹn tipẹ́. Kí iná dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́rin ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìbéèrè tó kù, àwọn tó mọ iná á dá ẹ lóhùn.

Kíìnì_Ṣàgámù
Ẹ ṣé sà. Èmi kì í mọ ìkòkò o, kíìnì ni mo ń tún ṣe, mo ń yí kọ́ìlì, mo ń fa wáyà. Àbúrò, kíìnì rẹ lè dé 1300 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 240 volt ni wọ́n kọ sí i lára, àdúgbò wà ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹn tó jẹ́ 180 ni wàá bá lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́. Èèyàn á ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣáà ni, kò burú. Ó burú o. Vólítì tó bá dín kù, agbára kọ́ìlì ń dín jù ú lọ, 180 lórí 240, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, 56% péré ló kù. Kíìnì kílówáátì 3 ti di 1.7 nìyẹn. Á gun 1000 láìsí wàhálà, á máa wọ́ lọ sí 1150, ibẹ̀ ló máa jókòó sí di ọjọ́ kejì, kóntírólà á máa kọ error, èèyàn á ní kíìnì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí ìwọ máa rà ni mítà tó ń ka vólítì, èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò wọ́n. Máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kóo máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, lẹ́yìn aago 11 alẹ́ tí àwọn wẹ́dà àti ọlọ́lọ ata ti ṣíwọ́, ó máa ń gòkè. Àkókò yẹn ni kóo jẹ́ kí kíìnì bọ́ sí láti 1100 lọ sókè, torí ibẹ̀ ló ti nílò gbogbo agbára ẹ̀.

Thermocouple náà, ohun tó ń ka ìgbóná kíìnì, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kíìnì kékeré, Type K, tó bá ti pẹ́ lókè 1200 á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan tí kì í ṣe òótọ́. Type S ló dára fún irú iṣẹ́ yìí, ó wọ́n gan-an ni. Tí owó ò bá tíì sí, máa fi kóònù 10 sí ojú ihò ìwòran nígbà gbogbo, kóònù ò ní parọ́ fún ẹ.

Ọmọ_Ìmùṣin
Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé bọ̀ọ̀dá mi. Mi ò ro ti vólítì yẹn rí rárá. Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́, lójú wákàtí mẹ́rin yẹn? Mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, 2.5 kVA, ṣé ó lè gbé e ní ìwọ̀nba, torí mo rò pé tó bá ti wá sílẹ̀ sí 1100 kò nílò iná púpọ̀ mọ́.

Kíìnì_Ṣàgámù
Kò lè gbé e. Òótọ́ ni pé iná tó ń jẹ á dín kù nígbà ìdúró yẹn, ṣùgbọ́n kóntírólà yẹn kì í dín agbára kọ́ìlì kù o, ńṣe ló ń tàn án tó ń pa á. Gbogbo ìgbà tó bá tàn án, kílówáátì 3 pé pérépéré ló ń bèèrè. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA ni kóo máa rò tí wàá bá lò ó.

Tí nẹ́pà bá mú iná nígbà tó ṣì ń gòkè, má bẹ̀rù, tó bá dé padà kóo jẹ́ kó máa gòkè lọ. Tó bá jẹ́ nígbà ìdúró ni, má ṣí kíìnì, má yọ búlọ́kù ihò ìwòran. Tí iná bá tètè dé, tó ṣì wà lókè 1000, sọ fún kóntírólà pé kó padà tààrà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kó má lọ òkè lẹ́ẹ̀kejì, torí tó bá gbà á lọ sí 1280 padà gbogbo ohun tó ti hù á yọ́. Kóntírólà míì, tí iná bá dé padà, ìbẹ̀rẹ̀ ètò ló máa ń padà sí, òmíràn á dúró gbọin. Wo ti tìrẹ kóo tó sun ohunkóhun sínú ẹ̀: tan kíìnì òfìfo dé 200, yọ ọ́ lára iná, dá a padà, wo ohun tó ṣe.

Lórí owó, tí kíìnì rẹ bá jẹ 20 yúníìtì lẹ́ẹ̀kan, ní 225 náírà tí wọ́n gbé Band A sí ní April 2024, ìyẹn jẹ́ 4,500 nígbà yẹn. Ìkòkò kan tó dára á dá a padà.

Ìyá_Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi, ọ̀nà yìí ni mo ń tọ̀, inú mi dùn pé ẹlòmíì tún ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú wa níbí, torí ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, a ò pọ̀.

Àpòpọ̀ tí gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀ rọrùn: frit 3110 (gíláàsì tí wọ́n ti yọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná) ìdá 50, síǹkì ọ́sáìdì ìdá 25, sílíkà ìdá 25, kóo wá fi titanium 1 tàbí 2 lé e. Frit yẹn ló ń gbé soda wá láìjẹ́ kó yọ́ sínú omi. Ra síǹkì ní Ọ̀jọ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, àwọn oníròbà àti oníkíríìmù ń rà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n má lò ó bẹ́ẹ̀ o, bù ú sínú abọ́ bísìkì (èyí tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan láìní gíléèsì) kóo sun ún pẹ̀lú bísìkì rẹ, tó bá tutù kóo sẹ́ ẹ. Èyí tí wọn ò bá sun, gíléèsì á fún pọ̀ lára ìkòkò tó bá ń gbẹ, á bó. Sílíkà, iyanrìn funfun Ìgbọ́kọ̀dá dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kúnná dé 200 mesh (kó lè gba inú asẹ́ oníhò kéékèèké kọjá), iyanrìn wóróko ò ní yọ́ fún ẹ.

Àwọ̀: kóbáltì ìdajì sí 1 lórí 100, búlúù. Kọ́pà 2 tàbí 3, gíríìnì. Manganese, búráùn tó rọ̀. Nickel ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, díẹ̀ báyìí, ilẹ̀ ẹ̀ á pọ́n bí oyin òdòdó ẹ̀ á sì búlúù, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé àwọ̀ méjì ni o lò.

Ọ̀rọ̀ amọ̀. Amọ̀ pupa wa yẹn, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n má gbé e wá síbí. Kò ní gba 1280, á tẹ̀, irin inú ẹ̀ á wọ inú gíléèsì, kírísítà á hù yọ̀yọ̀ láìsí èyí tó tóbi. Pọ́sílénì ni, funfun, tó jọ̀lọ̀. Tí o ò bá rí èyí tí wọ́n pò tán, kaolin Kankara ìdá 50, feldspar (òkúta tó ń yọ́ nínú iná) 25, sílíkà 25, bentonite díẹ̀ kó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ìkòkò tó lè fi òdòdó hàn ni kóo mọ, ara tó gbalẹ̀, èjìká tó rọra sọ̀kalẹ̀. Tí o bá gbẹ́ ọnà sí i lára, o ti gba ààyè wọn nìyẹn.

Ní ti ìṣàn: ìkòkò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀. Mọ òrùka kékeré láti inú amọ̀ kan náà, kí ẹnu ẹ̀ bá ìdí ìkòkò mu gẹ́ẹ́, mọ àwo pẹrẹsẹ tí yóò gbé òrùka náà tí yóò sì gba gbogbo ohun tó bá ṣàn. Po kaolin mọ́ gúlù funfun, fi lẹ òrùka mọ́ ìdí ìkòkò. Gíléèsì, kun ún nípọn lókè, kí ó fúyẹ́ nísàlẹ̀, torí òkè á sọ̀kalẹ̀ wá bá ìsàlẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tó bá jáde, ìdí ìkòkò, òrùka àti àwo ti di ẹyọ kan, gíléèsì ti so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ tó dára jẹ́, wọ́n á fi òòlù gbá a. Èmi, mo máa ń fi nǹkan tí wọ́n fi ń gé gíláàsì fa ìlà yí ojú ìsopọ̀ ìkòkò àti òrùka ká, ní ibi tí kaolin wà gẹ́lẹ́. Mo wá ní tọ́ọ̀ṣì kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe fi ń jó páìpù, màá dojú iná ẹ̀ kọ ìlà yẹn, màá máa fọwọ́ yí ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, iná ò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Ẹ máa gbọ́ ọ, "tì", ó kéré gan-an, ojú ìlà á là. Ẹ máa yí i lọ. Tó bá ti là yípo, ẹ fi síṣẹ́lì kékeré kàn án jẹ́jẹ́, òrùka á já bọ́. Ó ṣì mú bí abẹ o, ìbọ̀wọ́ ló kàn. Ẹ wá fi díákì dáyámọ́ńdì àwọn tó ń lẹ táìlì lọ ìdí ẹ̀, pẹ̀lú omi nígbà gbogbo, kí eruku má gòkè.

Táíwò_Ìpẹru
Ẹ káàsán mà. Gáàsì ni mo ní, mi ò ní kíìnì oníná. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni? Ìkejì, frit yẹn, owó ẹ̀ láti òkè òkun ń dẹ́rù bà mí, mo ń rò ó pé kí n lọ ìgò kúnná dípò ẹ̀.

Olùkọ́_Àgọ́Ìwòyè
Gáàsì ṣeé ṣe, tí iná rẹ bá mọ́ tónítóní tí kò sí èéfín. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín nínú kíìnì, síǹkì á di èéfín tó ń fò lọ pẹ̀lú iná, o ò ní rí kírísítà, o ò sì gbọ́dọ̀ fa èéfín yẹn símú. Ṣùgbọ́n láti mú gáàsì dúró ní 1080 fún wákàtí mẹ́rin, o gbọ́dọ̀ jókòó tì í ni, bí o bá ní sùúrù yẹn, máa ṣe é.

Ìgò: dán an wò sí téèlì (pẹrẹsẹ amọ̀ ìdánwò) kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan náà. Soda tó wà nínú ìgò sún mọ́ ti 3110, láàárín 13 sí 15 lórí 100, ṣùgbọ́n láìmù inú ìgò pọ̀ jù ú lọ. Má kàn fi rọ́pò rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà kí o máa retí ohun kan náà.

Ọmọ Ìmùṣin, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò: àwọn kan ń ṣe é ní kóònù 6, nǹkan bíi 1220, pẹ̀lú boron àti lithium nínú àpòpọ̀. Kọ́ìlì rẹ á pẹ́, iná ìlú á tó ẹ. Ibẹ̀ ni mo rò pé kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ má bínú sà, èmi ò gbà pẹ̀lú ìyẹn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Lithium ti wọ́n kọjá agbára ọmọ tó ń tọ́jú owó, àpòpọ̀ kóònù 6 sì ṣòro mú ju ti 10 lọ, èyí tó rọrùn ni kó kọ́kọ́ mọ̀ délẹ̀. Tí vólítì ẹ̀ bá dára lálẹ́, kó lọ kóònù 10.

Olùkọ́_Àgọ́Ìwòyè
Mo gbọ́ mà, ọ̀rọ̀ owó yẹn tẹ̀wọ̀n. Kó ka vólítì ẹ̀ tán ná kó tó mú ọ̀kan.

Èyíkéyìí tó bá mú, ọmọ mi, ìwé ni kí o fi sí ẹ̀gbẹ́ kíìnì. Ìwọ̀n iná tí o fi dúró ló ń pinnu bí òdòdó ṣe máa rí. Lókè, ní àgbègbè 1120, wọ́n máa ń gùn tíínrín, òmíràn á dà bí orí àáké, bó ṣe ń bọ̀ sísàlẹ̀ sí 1050 wọ́n á máa yípo, wọ́n á ṣí bí òdòdó. Bí o bá sún iná sókè díẹ̀ tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ láàárín ìdúró, òrùka á hàn yí ara òdòdó ká. Bí o bá pẹ́ jù ní 1290, èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù á yọ́ tán, o lè rí ẹyọ kan tàbí kí o má rí nǹkan kan. Bí o ò bá sì pẹ́ tó, wọ́n á kún gbogbo ara ìkòkò láìsí àlàfo. Yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú téèlì tó ń dúró lóòró, tí ó ní àwo tirẹ̀ nísàlẹ̀, torí téèlì tí o tẹ́ sílẹ̀ ò ní sọ òtítọ́ ìṣàn fún ẹ.

Ìyá_Ìkẹ́nnẹ́
Àti pé ẹ̀yin ọmọ, ìlera yín. Eruku sílíkà kì í ṣeré, ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró jókòó sí, kì í jáde mọ́. Ìbòmú tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn yẹn kò tó o, èyí tó ní fílítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni. Má fi ìgbálẹ̀ gbá ṣọ́ọ̀bù, fi aṣọ tútù nù ún. Nickel àti manganese, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kíìnì ò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọmọdé ń sùn, wíńdò gbọ́dọ̀ ṣí. Tí ẹ bá ń wo inú ihò ní 1280 ẹ wọ gíláàsì tí àwọn wẹ́dà ń wọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀búIgbó
Ẹ ṣé o gbogbo yín, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kékeré: ṣé a lè fi ṣe kọ́ọ̀pù? Àwọn tó ń wálé fún Ojúde Ọba, nǹkan tí wọ́n á gbé lọ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń bèèrè.

Ìyá_Ìkẹ́nnẹ́
Rárá, má ṣe é fún ẹnu. Alumina tí a yọ kúrò yẹn ló ń jẹ́ kí gíléèsì lè dojú kọ nǹkan kíkan. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà á bu ú, á ṣú, ohun tó wà nínú ẹ̀ lè máa bọ́ sínú oúnjẹ, ó sì máa ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára. Fáàsì, ìkòkò ọ̀ṣọ́ olómorí, àwo tí wọ́n á gbé kọ́ ògiri, ìyẹn ni kí o ṣe fún wọn, kí o sì sọ fún oníbàárà ní ojú ẹ̀ pé ọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n á rà á. Má sì tà á ní owó kọ́ọ̀pù, èyí tó bá jáde dáadáa, òun ló ń gbé àwọn tí kò jáde.

Ọmọ_Ìmùṣin
Mo dúpẹ́ gidigidi, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti lọ ra mítà yẹn lónìí ní Òkè Ajé, ó ń kà 197 ní báyìí tí mo ń kọ eléyìí, màá gbé gbogbo ẹ̀ síbí tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé. Màámi Ìkẹ́nnẹ́, ẹ jọ̀ọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ìkòkò kúrò lórí òrùka ẹ lè pè mí kí n wá wò, màá gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo wáyà tó lọ sí kíìnì.

Ìyá_Ìkẹ́nnẹ́
Màá pè ẹ́. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ wá.

Kíìnì_Ṣàgámù
Màá wá lọ́jọ́bọ̀ tí mo bá ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀. Kílówáátì 3 ní 240 á fa nǹkan bíi 12.5 ámpíà, plọ́ọ̀gì ògiri ò ní fara dà á fún wákàtí mẹ́wàá, á yọ́. Switch kúkà (irú èyí tí wọ́n ń fi sí sítóòfù oníná) ni ká fi sí i, wáyà 4mm tó bá jìnnà sí mítà, kó dá wà, kó má bá fíríìjì pín. Ya fọ́tò pátákó tó wà lára kíìnì náà, kóo sì wọn ìrìn láti mítà dé ibi tó wà, fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè mọ iye wáyà tí màá gbé bọ̀.